Ìwé Tó Dá Àṣá Sílẹ̀

Ìwé náà kò ní àbùkù kankan, ohun tó sì ń bí Ìyá Tún-un-Sọ nínú gan-an nìyẹn. Orúkọ ẹlẹ́wọ̀n wà níbẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ bá orúkọ mu, àwòrán ojú rẹ̀ bá nọ́ńbà mu, òǹtẹ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n sì jókòó sí àyè rẹ̀ rekete. Ìwé tó gún régé báyìí ni wọ́n fi ṣí géètì fún ọkùnrin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àṣá, ẹni tó ṣì ní ọdún méje gbáko láti lò nínú ẹ̀wọ̀n. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Àṣá ti dé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó jẹ́rìí takò ó ní kóòtù. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n ti bá òkú obìnrin náà, aṣọ ọmọ iléèwé kan tí kò tíì rán tán ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Ó di ọjọ́ mọ́kànlá. Wọn kò tíì rí Àṣá mú, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù. Akọ̀wé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni, obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, torí orúkọ rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀ pé ó tẹ ìwé náà jáde. Láàárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa gbé e lọ kóòtù lórí ẹ̀sùn pé ó lọ́wọ́ nínú ìpànìyàn. Tí ìyẹn bá fi lè ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì á ti gbó kó tó tún sùn lórí ibùsùn tirẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ti parí," ni ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá wí. "Kọ̀ǹpútà ti sọ ọ́. Kí lẹ tún ń wá?"

"Mi ò mọ̀," ni Ìyá Tún-un-Sọ dáhùn, ó sì gbé agboòrùn rẹ̀.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni ìyá yìí, ó ku oṣù mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì, orúnkún rẹ̀ kan kò sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Àwọn ọ̀daràn ló sọ ọ́ lórúkọ. Ohun yòówù kéèyàn rò fún un, á mi orí, á ní, "O ṣeun. Tún un sọ." Ẹni tó ń parọ́ á máa yí i díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń tún un sọ, títí irọ́ náà á fi yọ ìwo. Ẹni tó ń sọ òótọ́ á kàn máa bínú.

Akọ̀wé náà ti ń bínú láti ọjọ́ kẹta.

"Tún un sọ," ni ìyá wí nínú yàrá àhámọ́. Òjò ń rọ̀ níta, ògiri ń làágùn.

"Mà, mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin."

"Ìkarùn-ún ló kù, ọmọ mi."

Akọ̀wé fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Káfíńtà yẹn nìkan ló yẹ kó jáde lọ́jọ́ náà. Mo wà lórí ojú ewé tirẹ̀. Mo ka orúkọ rẹ̀. Mo wo àwòrán rẹ̀. Ojú rẹ̀ kan kéré ju ìkejì lọ, mi ò lè ṣì í mọ̀ láéláé. Mo tẹ ibi tí wọ́n kọ 'Dá a sílẹ̀' sí. Kọ̀ǹpútà dáhùn pé ìwé ti jáde. Mo bá lọ ṣe nǹkan mìíràn."

"O ò rí ìwé náà fúnra rẹ?"

"Níbo ni màá ti rí i? Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo ọgbà, ẹnu géètì ni wọ́n gbé e sí. Inú kọ̀ǹpútà ni òǹtẹ̀ mi ti ń bọ́ sórí rẹ̀. Ibẹ̀ ló ń jáde sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un."

"Ta ló tún mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi gan-an ò mọ̀ ọ́n."

"Ọkọ rẹ yẹn." Ìyá Tún-un-Sọ sún mọ́ ọn. "Àdúgbò kan náà lòun àti Àṣá ti dàgbà. Bọ́ọ̀lù kan náà ni wọ́n jọ gbá. O ò sì sọ ọ́ fún mi."

Ojú akọ̀wé rẹ̀wẹ̀sì. "Ẹ̀rù bà mí, mà. Ta ló máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní sọ pé èmi ni?"

"Èmi ti gbọ́ ọ, mi ò sì tíì sọ bẹ́ẹ̀."

Ṣùgbọ́n ó ń rò ó. Ó ti fi odindi àárọ̀ náà tọpasẹ̀ ọkọ. Ọkùnrin náà kò tẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n rí, kò bá Àṣá sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án, ìlú mìíràn ló sì wà ní ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ó ń wa ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì. Ọ̀nà yẹn dí. Ó ti wo fídíò ọjọ́ náà láti inú kámẹ́rà tó wà lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀, bóyá ẹnì kan yọ́ wọ ọ́fíìsì akọ̀wé. Ẹnikẹ́ni kò wọ ibẹ̀ láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán, àfi akọ̀wé fúnra rẹ̀. Ọ̀nà kejì náà dí. Ohun tó wá kù sílẹ̀ ni pé obìnrin yìí ń parọ́ ní ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀marùn-ún láìṣì í, tàbí pé òótọ́ méjì kọlu ara wọn nínú ọ́fíìsì kan ṣoṣo. Ìyá ní kí wọ́n mú akọ̀wé jáde nínú àhámọ́, kí wọ́n jọ lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ́fíìsì náà kò tóbi ju ibi tí tábìlì kan àti àga méjì lè gbà. Ẹnì kan ti kó àwòrán àwọn ọmọ akọ̀wé kúrò lára ògiri, àmì gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ló kù. Ọ̀gá àgbà ọgbà ẹ̀wọ̀n dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ mọ́yà. Ẹlẹ́rọ tó ṣe ètò kọ̀ǹpútà náà fún wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó ń jẹ èékánná.

"Tún un ṣe," ni ìyá wí fún akọ̀wé. "Bí o ṣe ṣe é lọ́jọ́ náà."

Akọ̀wé jókòó. Ó kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé, ó ṣí ojú ewé káfíńtà, ó kà á, ó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí géètì, ìwé káfíńtà ni wọ́n mú wá. Wọ́n fi ìlà pupa fà á kí ẹnikẹ́ni má baà lò ó. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Káfíńtà. Ẹ̀ẹ̀kẹta. Káfíńtà.

"Mo sọ fún yín," ni ẹlẹ́rọ wí, ó mí kanlẹ̀. "Ètò yìí ò níṣòro."

Omijé ń ṣàn lójú akọ̀wé láìsí ariwo. Lọ́kàn rẹ̀, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Àánú ṣe Ìyá Tún-un-Sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ló ń wò, ọwọ́ ló ń wò. Ó ti rí i pé ọwọ́ obìnrin yẹn lọ́ tìkọ̀, ó ń rìn bí ọwọ́ ẹni tó ń jẹun nílé àna.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá omi tútù," ló wí fún ọ̀gá àgbà. Ó wò ó títí ó fi lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn. "Ó yá. Ṣé báyìí lo ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́?"

Akọ̀wé wo ilẹ̀kùn. "Báyìí ni ìwé ìlànà wí, mà."

"Mi ò bi ìwé ìlànà."

"Tó bá ti tó aago mẹ́sàn-án, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń falẹ̀ débi pé èèyàn lè sùn kí ojú ewé kan tó ṣí. Nítorí náà, bí mo bá ti dé láàárọ̀ ni mo máa ń ṣí ojú ewé àwọn tó máa jáde lọ́jọ́ náà sílẹ̀ de ara mi. Tí àṣẹ bá wá dé láti kóòtù, màá kàn tẹ̀ ẹ́. Tí mo bá fẹ́ wo ti ẹlòmíràn láàárín méjì, màá ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá tún padà síbi tí mo wà. Gbogbo wa là ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ẹlẹ́rọ yọ èékánná lẹ́nu. Ìyá rí i.

"Kí ló dé?"

"Wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n ti ṣe é bẹ́ẹ̀. Kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

Ọkùnrin náà ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní kó o sí wàhálà, kò rí i. "Ìyá, kọ̀ǹpútà orí tábìlì yìí ò tọ́jú nǹkan kan. Ẹ̀rọ ńlá kan wà nínú yàrá tó tutù lókè lọ́hùn-ún, òun ló ń rántí gbogbo nǹkan. Àmọ́ ẹ̀rọ ńlá yẹn ò lójú. Ojú ewé kan á lọ, òmíràn á dé, kò lè mọ̀ pé ẹnì kan náà ló ń béèrè. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, tí akọ̀wé bá ti wọlé láàárọ̀, ẹ̀rọ náà á fún un ní nọ́ńbà kan, á sì ya àpótí kékeré kan sọ́tọ̀ fún nọ́ńbà yẹn. Gbogbo ojú ewé tí akọ̀wé bá ṣí ló ń gbé nọ́ńbà náà lọ. Ẹ̀rọ á wo nọ́ńbà, á ṣí àpótí, á mọ ẹni tó jẹ́ àti ibi tó bá iṣẹ́ dé."

"Bí ibi tí wọ́n ń gba ẹrù pamọ́ fúnni. Mo fi tálì lé wọn lọ́wọ́, wọ́n gbé àpò mi wá."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

"Kí ló wà nínú àpótí akọ̀wé?"

"Orúkọ rẹ̀. Aago tó wọlé." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èékánná. "Àti ẹlẹ́wọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí."

"Ẹlẹ́wọ̀n mélòó?"

"Ẹyọ kan."

Ìyá Tún-un-Sọ fa àga tó kù, ó jókòó. "Jẹ́ kí n bá ọ tò ó. Ó ṣí káfíńtà, káfíńtà wọ inú àpótí. Ó ṣí ẹlòmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹlòmíràn wọ inú àpótí, káfíńtà bọ́ sóde. Ó padà sí ojú ewé káfíńtà. Orúkọ káfíńtà ló ń rí, àwòrán káfíńtà ló ń wò. Ó tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀rọ ò ní wo ojú ewé," ni ẹlẹ́rọ wí jẹ́jẹ́. "Inú àpótí ló máa wò."

Akọ̀wé ti bo ẹnu. Ìyá yíjú sí i. "Ta lo ṣí lẹ́yìn káfíńtà lọ́jọ́ náà?"

"Àṣá." Ó gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu. "Wọ́n pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní kí n bá àwọn wo ọjọ́ tí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn rẹ̀ bọ́ sí. Mo wò ó, mo sọ ọ́ fún wọn, mo padà sórí iṣẹ́ mi. Mà, ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún ni fóònù yẹn ń dún lójúmọ́! Mi ò kà á sí nǹkan kan!"

"Tún un ṣe," ni ìyá wí. "Pẹ̀lú Àṣá."

Wọ́n ṣe é. Lórí kọ̀ǹpútà, káfíńtà olójú kékeré ń wò wọ́n. Ẹlẹ́rọ sáré lọ géètì, ó gbé ìwé náà dé pẹ̀lú omi òjò lórí. Àwòrán Àṣá ló wà níbẹ̀, orúkọ Àṣá, nọ́ńbà Àṣá, gbogbo rẹ̀ rekete. Akọ̀wé bú sẹ́kún, ó gbé orí lé tábìlì.

"Àṣìṣe ni!" ni ẹlẹ́rọ wí, inú rẹ̀ ń dùn ju bó ṣe yẹ lọ. "Àṣìṣe lásán ni. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi."

"Obìnrin kan kú," ni Ìyá Tún-un-Sọ wí. "Ta ló pe fóònù?"

"Ọ̀gá wọ́dà tó wà ní géètì," ni akọ̀wé dáhùn láti orí tábìlì.

Ìyá bẹ̀ ẹ́ pé kó mú ara le, ó tún bi í ní ìbéèrè kan. Ṣé ọ̀gá wọ́dà ti pè é rí lórí ìwé tó ti tẹ̀ jáde? Akọ̀wé ronú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, bébà há nínú ẹ̀rọ, ọ̀gá wọ́dà ní kóun tún ìwé awakọ̀ kan tẹ̀, òun sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́rọ ò dúró de àṣẹ, ó ti ń wá ọjọ́ náà nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ ńlá. Nígbà tó rí i, ó ṣíwọ́ èékánná jíjẹ.

"Bébà kankan ò há. Ìwé àkọ́kọ́ tó jáde kì í ṣe ti awakọ̀. Ti ẹlẹ́wọ̀n mìíràn ni. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni ti awakọ̀ tó jáde."

Ẹnì kan ti mú ìwé ẹni tí kò yẹ kó jáde dání, ó ti wò ó, ó sì parọ́ nípa rẹ̀. Ìyá gbé agboòrùn.

Yàrá géètì kún fún òórùn bàtà tútù. Ọ̀gá wọ́dà jókòó lẹ́yìn tábìlì gíga, ọkùnrin sísanra tí irun rẹ̀ ti ń funfun, tó ń fi ọ̀yàyà kí gbogbo èèyàn. Tẹlifóònù wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà lọ́wọ́ òsì. Pátákó dúdú kan wà lára ògiri tó dojú kọ ọ́.

"Ìyá wa, ẹ káàbọ̀. Wọ́n ní ẹ ti rí i pé kọ̀ǹpútà ló ya wèrè. Mo mọ̀ pé ọmọbìnrin yẹn ò lè ṣe é. Mo máa ń gbàdúrà fún un."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ọjọ́ wo tiẹ̀ ni ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Àṣá bọ́ sí?"

"Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù tó ń bọ̀," ló dáhùn wàrà.

Ó gbọ́ ohun tóun fúnra rẹ̀ sọ. Ìyá rí i bó ṣe gbọ́ ọ.

"Ẹ mọ̀ ọ́n sórí," ni ìyá wí. "Ó sì wà lára pátákó yẹn níwájú yín, ẹfun ni wọ́n fi kọ ọ́, àwọn wọ́dà yín sọ fún mi pé ọwọ́ yín lẹ fi kọ ọ́ láti oṣù tó kọjá. Kí lẹ wá ń pe akọ̀wé fún?"

"Èèyàn lè gbàgbé."

"Lọ́jọ́ yẹn nìkan? Ní wákàtí yẹn? Nígbà tí ẹ ti mọ̀ pé ojú ewé káfíńtà ti wà ní ṣíṣí? Bébà tó há ní oṣù méjì sẹ́yìn, ọ̀gá, kò há. Ọjọ́ yẹn lẹ rí i pé ẹni tí ẹ bá ní kí akọ̀wé wò kẹ́yìn nìwé ń jáde fún. Ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ tọ́jú rẹ̀."

Ọ̀gá wọ́dà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀yàyà náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú ẹni tó ti rẹ̀ gidigidi ló kù.

"Ọmọ ìyá mi ni," ló wí. "Bàbá wa yàtọ̀, àmọ́ ọmú kan náà la mu. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Ojoojúmọ́ ni mò ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, tí mi ò sì lè pè é lábúrò lójú èèyàn." Ó mí sínú. "Ó búra fún mi pé òun á sọdá ẹnubodè lọ́jọ́ náà gan-an. Ó fi ìyá wa búra."

"Aránṣọ yẹn bímọ mẹ́ta."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o sì jókòó síbí, ò ń gbàdúrà fún akọ̀wé. Níbo ni Àṣá wà?"

Ọ̀gá wọ́dà bo ojú. "Ilé ìyá wa, ní abúlé. Yàrá ẹ̀yìn nìkan ni òrùlé kù sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má yìnbọn."

Ìyá Tún-un-Sọ sọ fún àwọn ọlọ́pàá tó máa lọ mú un. Kò mọ̀ bóyá wọ́n máa gbọ́. Nígbà tí wọ́n ń fi ṣẹkẹṣẹkẹ sọ́wọ́ ọ̀gá wọ́dà, orúnkún ń ro ó, inú rẹ̀ kò sì dùn bí inú ẹni tó borí.

Ó padà sí ọ́fíìsì. Akọ̀wé ti sunkún tán, ó jókòó gbagidi.

"Ó ti parí. Máa lọ sílé, ọmọ mi. Àwọn ọmọ rẹ ń dúró."

Akọ̀wé kò dìde. "Káfíńtà ńkọ́?"

"Káfíńtà wo?"

"Ẹni tó yẹ kó jáde. Ta ló dá a sílẹ̀?"

Ìyá wo ẹlẹ́rọ, ẹlẹ́rọ wo ọ̀gá àgbà tó gbé omi dání lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá àgbà ní wọ́n ti fi fáìlì náà ṣe ẹ̀rí, àti pé kò sẹ́lòmíràn tó láṣẹ láti tẹ̀ ẹ́. Odindi ọjọ́ mọ́kànlá ni ọkùnrin náà ti fi wà nínú ẹ̀wọ̀n tí kò yẹ kó ṣe mọ́. Gbogbo wọn, tó fi mọ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó ń béèrè ohun gbogbo, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Ojú ti Ìyá Tún-un-Sọ.

Akọ̀wé ti gbogbo ojú ewé pa. Ó ṣí ẹyọ kan. Ó ka orúkọ náà sókè, ó tún un kà, ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó rin inú òjò lọ sí géètì fúnra rẹ̀, ó yọ ìwé náà lẹ́nu ẹ̀rọ, ó sì dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì títí wọ́n fi mú káfíńtà jáde.

Ọkùnrin náà gbé àpò ọ̀rá kan dání. Ó wo òde bóyá ìyàwó òun wà níbẹ̀. Kò sẹ́nikẹ́ni. Ọjọ́ méje lobìnrin náà fi wá dúró kó tó rẹ̀ ẹ́.

"Wọ́n ní àṣìṣe kan ló dá mi dúró," ni káfíńtà wí. "Ta ló ṣe é?"

Ìyá Tún-un-Sọ la ẹnu láti ṣàlàyé, àmọ́ akọ̀wé ti ṣáájú rẹ̀.

"Èmi ni, sà. Ẹ má bínú."

Káfíńtà wò ó. Ó wo aṣọ tí kò tíì bọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n mú un, ó wo àmì ṣẹkẹṣẹkẹ lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà. Ìbínú tó gbé bọ̀ láti inú yàrá ẹ̀wọ̀n kò ríbi sọ̀ sí.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, wọ́n ti dá yín sílẹ̀?"

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀," ni akọ̀wé dáhùn.